Kóńsólù Orí Fóònù Ìyá Sálámátù

Ìyá Sálámátù kò ṣe sálámà kó tó wọ ilé-kéú bàbá mi lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ní àdúgbò Gàmbàrí tiwa ní Ìlọrin, bí ó ti wù kí inú bí èèyàn tó, yóò kọ́kọ́ ṣe sálámà lẹ́nu ọ̀nà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin yìí la àárín àwọn bàtà tí àwọn ọmọ bọ́ sẹ́nu ọ̀nà kọjá, ó dúró sórí ẹní, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Etí ìborùn rẹ̀ ló fi dì í mú, bí ẹni tó mú ìkòkò gbígbóná.

"Jẹ́mílà, ta ló ń fi orúkọ mi ṣiṣẹ́?"

Mo wo fóònù náà. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Nínú dúdú yẹn, lẹ́tà aláwọ̀ ewé ń sáré lọ sókè láìdúró, orúkọ kan ṣoṣo ni: AWAWU, AWAWU, AWAWU. Àwáwù sì ni orúkọ ìyá yìí gan-an, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

"Ẹ jókòó ná, Ìyá."

"N ò jókòó. Àtàárọ̀ ló ti ń ṣe báyìí. Mo tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo pa á, kò kú. Àwọn tó fẹ́ gba máàsà fún ìnáwó wòlímọ́tù ọjọ́ Àìkú ń pè mí, kò wọlé. Mo ti dé báńkì ní Post Office, mo ní kí wọ́n bá mi ti àkáǹtì mi kí àwọn ọmọ yàhúù tó gbá a mọ́lẹ̀. Bí kì í bá ṣe yàhúù, a jẹ́ pé ohun mìíràn ni. Ẹ̀yin ọmọ Àlùfáà lẹ mọ ohun tí wọ́n ń kọ orúkọ èèyàn bẹ́ẹ̀ fún."

Ẹni tí kò gbé Ìlọrin rí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Wàláà ni pátákó tí àwọn ọmọ kéú fi ń kọ́ kíkọ àti kíkà. Àlùfáà lè kọ àdúrà sórí rẹ̀ ní àkọtúnkọ, kó fi omi fọ̀ ọ́, kí aláìsàn mu omi náà fún ìwòsàn. Hàntú là ń pè é, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn a máa bẹ̀rù pé ẹni tó lè kọ fún rere lè kọ fún ibi. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá rí orúkọ ara rẹ̀ tí wọ́n kọ títí kò fi sí àyè mọ́, tí kò mọ ẹni tó kọ ọ́, tó tún wá lọ jẹ́ inú ilé-kéú ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, ẹ sọ fún mi, kí lẹ fẹ́ kó rò?

Sálámátù, ọmọ rẹ̀, jókòó sí ìlà iwájú. Ó ti dorí kodò.

"Dìde," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo ti sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀, bí mi ò bá rí ire nínú kọ̀ǹpútà yìí, ìdí ààrò máàsà lo máa bá mi jókòó sí. Ire rẹ̀ nìyí? Ó tán."

Ọmọ náà dìde, ó wò mí bí ẹni tí ń rì sómi, wọ́n sì lọ.

Kí n tó sọ bó ṣe parí, ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí mo jẹ́. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì ni mò ń ṣe fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn onílé ìtajà. Ọ́fíìsì wa wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Post Office, ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ló wà nísàlẹ̀ wa. Ọ̀gá Táyọ̀, ọmọ Òmù-Àrán, ló kọ́ mi níṣẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Èmi ni mi ò jẹ́jẹ́. Bàbá mi a máa sọ pé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi, ó ní láti jẹ́ pé ata ni wọ́n fi tọ́ mi lẹ́nu dípò oyin.

Lọ́jọ́ kìíní mi níbẹ̀, Ọ̀gá Táyọ̀ ní kí n kọ ìlà kóòdù kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣẹ tí a ń kọ sí kọ̀ǹpútà. Mo kọ ọ́, kò ṣiṣẹ́. Mo tún un kọ, kò ṣiṣẹ́. Mo bá gbá àtẹ bọ́tìnnì rẹ̀ létí. Ọ̀gá Táyọ̀ kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè.

"Jẹ́mílà, kọ̀ǹpútà ò bá ẹ jà o. Ìwọ nìkan lò ń dá jà. Sọ̀kalẹ̀, lọ yí ráńdábáòtù yẹn ká, kó o wá padà wá ka ohun tó kọ sí ẹ."

Mo rò pé ó ń fi ọgbọ́n lé mi dànù ni. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fi ìbínú yí ráńdábáòtù Post Office ká láàárín àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tí ń ta ọsàn. Nígbà tí mo padà, mo rí i pé kọ̀ǹpútà ti ń sọ ibi tí mo ti ṣì í fún mi látijọ́. Èmi ni mi ò kà á. Láti ọjọ́ náà, bí ojú mi bá ti pọ́n, Ọ̀gá Táyọ̀ á kàn nawọ́ sí àtẹ̀gùn. Àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀ ti mọ̀ mí. Wọ́n á ní, "Àlájà, wọ́n tún ti bí yín nínú lókè yẹn?"

Ọjọ́ Àlàmísì àti ọjọ́ Jímọ̀ ni kéú máa ń sinmi, ìgbà yẹn ni mò ń lo ilé-kéú bàbá mi fún kíkọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ní èdè kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn ìrun àsárì. Nígbà tí mo lọ tọrọ yàrá náà, bàbá mi ní kí ni wọ́n fẹ́ kọ́. Mo ní èdè kọ̀ǹpútà ni.

"Kọ̀ǹpútà náà ń gbọ́ èdè?"

"Ó ń gbọ́ ọ, Bàbá."

Ó rò ó títí. "Ó dáa. Ẹ má ṣáà wọ bàtà síbẹ̀."

Sálámátù ló já fáfá jù nínú wọn. Ó ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, yunifásítì Màléte ló fẹ́ lọ, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà ló sì fẹ́ kà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti jáde láyé. Máàsà, àkàrà ìrẹsì tí ìyá rẹ̀ ń dín, ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, ìyá náà sì fẹ́ kí ó wá ràn án lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ni pé kí ó máa wá sọ́dọ̀ mi títí àsìkò wòlímọ́tù, ayẹyẹ àwọn tó yege ní kéú, yóò fi parí. Bí ìyá bá rí i pé ire wà níbẹ̀, yóò jẹ́ kó ṣe ìdánwò àṣewọlé. Bí kò bá rí i, ọ̀rọ̀ Màléte ti tán nìyẹn. Gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro wa ni pé èmi nìkan ni mo ní láàpútọ́ọ̀pù nínú yàrá náà. Àwọn ọmọ á tò yí mi ká, ẹnì kan á kọ ìlà kan, àwọn yòókù á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Ṣùgbọ́n fóònù kì í wọ́n wọn. Wọ́n á gba ti ìyá, wọ́n á gba ti ẹ̀gbọ́n, wọ́n á mú un wá. Ni mo bá ní, kò burú, orí fóònù náà la ti máa ṣe é. Mo máa kọ́ kóńsólù fún wọn.

Kóńsólù ni ojú ibi tí èèyàn ti ń bá èdè kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. O kọ ìlà kan, o fi ránṣẹ́, ó fèsì lójú ẹsẹ̀. O kọ òmíràn, ó tún fèsì. Ẹni tó bá jókòó níwájú Àlùfáà rí mọ̀ ọ́n dáadáa: o ka lẹ́tà háráfì kan, ó ní "tún un kà," o tún un kà, ó ní "máa lọ." Kò sí pé o ń dúró di ìparí ọdún kí o tó mọ ibi tí o ti ṣì í. Bùráúsà, ìyẹn ohun tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, sì ti gbọ́ èdè kan tẹ́lẹ̀, èdè tí wọ́n ń pè ní Jáfáskíríptì. Nítorí náà, mi ò ní í gbé ẹrù ńlá kankan ka fóònù lórí. Àpótí kan tí ọmọ yóò kọ̀wé sí, àyè kan tí èsì yóò ti jáde, àti kóòdù díẹ̀ tí yóò máa ṣe alárinà láàárín wọn, ó parí.

Mo ṣe é ní dúdú, mo fi lẹ́tà aláwọ̀ ewé sí i, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nínú fíìmù. Ta ni yóò rí i tí kò ní mọ̀ pé ọ̀gá nínú iṣẹ́ ló ṣe é? Mo gbé e fún Ọ̀gá Táyọ̀ wò.

"Ó dára," ni ó wí. "Ó jọ ibi tí wọ́n ti ń jí owó báńkì."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dúpẹ́. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e fún àwọn ọmọ, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi í ní ìṣirò. Sálámátù tẹ tirẹ̀, ó sì pariwo, "Àǹtí, ó dá mi lóhùn!" Ariwo gba yàrá kan. Bàbá mi yọjú láti ojú fèrèsé, ó ní ṣé ejò ni. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun alẹ́. Nígbà tó yá, mo kọ́ wọn ní lúùpù. Lúùpù ni àṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà máa ṣe ohun kan ní àṣetúnṣe títí yóò fi dé ibi tí o ní kó dúró sí. Bí o bá gbàgbé láti sọ ibi ìdúró, kò ní í dúró, kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá délé, kí kálukú fi lúùpù kọ ohun tó wù ú jù.

Ohun tí Sálámátù ṣe nìyẹn láàárọ̀ Àlàmísì tí ìyá rẹ̀ wá bá mi yẹn. Kò sọ ibi ìdúró. Ó fẹ́ pe ìyá rẹ̀ kó wá wò ó, ṣùgbọ́n ìyá ti ń kánjú, ó já fóònù gbà, ó jù ú sínú báàgì, ó di ọjà.

Ọ̀rọ̀ kò ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dé gbogbo agboolé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo tẹ́ ẹní, mo jókòó, mi ò rí ẹnì kankan. Ọmọ kan ṣoṣo ló wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ìyá òun ní kí òun wá sọ fún mi pé òun ò wá. Bàbá mi bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ẹní ṣófo.

"Jẹ́mílà, wọ́n ní o ń kọ orúkọ èèyàn."

"Háà, Bàbá! Ẹ̀yin náà?"

"Mo kàn ní wọ́n ní ni."

Inú bí mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, inú bí mi gidi gan-an. Mo dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Sátidé, mi ò kí Ọ̀gá Táyọ̀ tán tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní òpè ni wọ́n, mo ní ẹni tó bá ṣe wọ́n lóore ni wọ́n ń kàn lábùkù, mo ní mo ti fi kóńsólù ọ̀hún sílẹ̀, kí wọ́n máa dín máàsà lọ. Ọ̀gá Táyọ̀ gbọ́ ọ tán. Ó nawọ́ sí àtẹ̀gùn.

Mo lọ. Níwájú ọ̀kan nínú àwọn báńkì, mo rí obìnrin kan tó gbé igbá wàrà kalẹ̀. Ó na fóònù sí ọmọbìnrin rẹ̀ kó bá òun wá nọ́ńbà ẹnì kan. Bí ọmọ náà ti ń tẹ̀ ẹ́, ìyá kò gbójú kúrò lára fóònù náà, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti gbà á padà. Ẹnì kan pè, ìyá já a gbà lọ́wọ́ ọmọ kíá, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, wàrà yín ti délẹ̀." Mo dúró wò wọ́n títí ọlọ́kadà kan fi ń fun fèrè mọ́ mi pé kí n kúrò lọ́nà. Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti rọ̀, tó sì di ìtìjú.

Mo padà gòkè. "Ọ̀gá, àwọn ọmọ yẹn kọ́ ló ni fóònù."

"Ta ló ni ín?"

"Àwọn ìyá wọn ni. Ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń pè wọ́n."

"Àwọn ìyá yẹn ńkọ́? O ti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ohun tó o fi síbẹ̀ rí?"

"Rárá o."

"Orí ilẹ̀ onílẹ̀ lo lọ kọ́lé sí, Jẹ́mílà, o ò kí onílẹ̀." Ó fa àga kan sún mọ́ mi. "Jókòó, ká jọ tún un kọ́."

Odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi ṣe é. Mo kọ́kọ́ pa dúdú yẹn rẹ́. Mo fún un ní àwọ̀ wàláà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì dúdú bíi tàdáà, yíǹkì àwọn ọmọ kéú. Àwọn ọ̀rọ̀ pupa tó ń fi èdè òyìnbó jágbe mọ́ ọmọ bó bá ti ṣì í, mo kó gbogbo wọn kúrò, mo jẹ́ kó máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ tó ní sùúrù: "Mi ò tíì mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wo ìlà kejì, kó o tún un kọ." Mo ṣe é kí iṣẹ́ ọmọ má ṣe sọnù bí ẹnikẹ́ni bá já fóònù gbà lójijì. Mo sì ṣe é kó máa ṣiṣẹ́ láìsí dátà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i lẹ́ẹ̀kan, nítorí dátà tí ọmọ ń jẹ, ìyá ló ń rà á.

Èyí tó le jù ni lúùpù tí kò lópin. Ọ̀gá Táyọ̀ ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní bùráúsà dà bí ilé: ní àkọ́kọ́, inú pálọ̀ ni mo ti ń jẹ́ kí kóòdù ọmọ ṣiṣẹ́, bó bá ti ya wèrè níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè kọjá mọ́ nínú ilé. Ó ní bùráúsà ní yàrá ọ̀tọ̀ tó lè yọ̀ǹda. Kí n ti kóòdù ọmọ mọ́ ibẹ̀. Bó bá pẹ́ jù kò jáde, kí n ti yàrá náà pa, kí n ṣí òmíràn, pálọ̀ á wà bó ṣe wà. Mo ṣe é, ó bàjẹ́. Mo yí ráńdábáòtù. Mo tún un ṣe, ó bàjẹ́. Mo tún yí ráńdábáòtù. Lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́, mo jó nínú ọ́fíìsì, àwọn tó ń ta aṣọ nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló ń wó lókè.

Mo lọ bá Ìyá Sálámátù láàárọ̀ níbi tó ti ń dín máàsà. Páànù oníhò kòtòkòtò wà lórí iná níwájú rẹ̀, Sálámátù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń po ìyẹ̀fun ìrẹsì, kò gbójú sókè. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá."

"O tún gbé dúdú rẹ wá?"

"Ó ti di funfun, Ìyá. Ẹ̀yin ni mo wá bẹ̀. Ó yẹ kí n ti wá kí yín kí n tó fi nǹkankan sórí fóònù yín. Mi ò wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó fi irin yí máàsà kan, ó yí òmíràn. "Mo gbọ́. Ohun tó pa fóònù mi níjọ́sí, ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pa fóònù mọ́."

"Ẹ tún un ṣe, kí n fojú mi rí i. Níbí yìí."

Orí fóònù tèmi àti ti Ọ̀gá Táyọ̀ ni mo ti dán an wò. Fóònù ìyá yìí ti gbó, ojú rẹ̀ ti sán, àsìkò wòlímọ́tù la sì wà. Bó bá tún kú lójú rẹ̀, mi ò lè wá bẹ̀bẹ̀ mọ́ láéláé, Sálámátù ò sì ní í rí Màléte. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó nù ún, ó gba fóònù, mo gbọ́ tó ní "Bísímíláhì" lábẹ́ ètè. Ó ṣí kóńsólù tuntun náà, ó kọ lúùpù ìjọ́sí náà bó ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò sọ ibi ìdúró. Ó fi ránṣẹ́.

AWAWU, AWAWU, AWAWU. Ó ń sáré lọ sókè. Ìyá fà sẹ́yìn. Máàsà tó wà lórí iná bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹnikẹ́ni ò yí i.

Ó dúró. Ọ̀rọ̀ kan jáde lábẹ́ rẹ̀, Sálámátù sì kà á sókè: "Iṣẹ́ yìí kò fẹ́ parí, mo ti dá a dúró. Fóònù yín ń gbọ́ ìpè."

"Ẹnu dùn ún ròfọ́," ni Ìyá Sálámátù wí. "Jẹ́mílà, pè mí."

Mo pè é lórí fóònù mi. Tirẹ̀ dún gee lọ́wọ́ Sálámátù. Ìyá gbà á, ó gbé e sétí, ó kọjú sí mi.

"Hẹ̀lóò?"

"Ìyá, èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ṣé mi ò rí ẹ ni?"

Sálámátù bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù sórí itan, ó ń wo orúkọ rẹ̀ tó kún ojú rẹ̀.

"Nínú gbogbo ohun tó wà láyé, Sálámátù, kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ mi?"

"Àǹtí ní kí kálukú kọ ohun tó wù ú jù," ni ọmọ náà wí.

Ìyá Sálámátù kọjú sí ààrò. Ó yọ àwọn máàsà tó ti jó, ó jù wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èéfín yìí ń yọ mí lójú," ó wí, ó sì fi etí ìborùn nu ojú. Igi gbígbẹ ló wà nídìí ààrò lọ́jọ́ náà o, kò rú èéfín kankan.

Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó di máàsà gbígbóná fún mi, ó ní kí n bá òun gbé e fún Àlùfáà.

Nígbà tí ọjọ́ Àlàmísì tún pé, mo tẹ́ ẹní bí àṣà, mo jókòó tì í. Mo ti ń ronú pé kí n ká a nígbà tí mo gbọ́ sálámà lẹ́nu ọ̀nà. Sálámátù ni. Ó tú etí ìborùn, ó mú fóònù ìyá rẹ̀ jáde, ó gbé e síwájú mi. Inú àsìkò wòlímọ́tù gan-an ni o, ìgbà tí fóònù yẹn máa ń dún láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀rù bà mí.

"Sálámátù, ṣé kì í ṣe pé o jí i gbé? Àwọn tó ń pe ìyá rẹ ńkọ́?"

"Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Wọ́n ní kí n máa mú un lọ. Wọ́n ní àwọn oníbàárà àwọn mọ ilé."

Mo sunkún. Mi ò ní purọ́, mo jókòó sórí ẹní bàbá mi, mo sunkún bí ọmọ kékeré, Sálámátù sì ń pàtẹ́wọ́ sí mi pé, "Àǹtí, ẹ má sunkún mọ́, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́, wọ́n á béèrè rẹ̀ kí mọ̀gàríbà tó tó." Nígbà tí àwọn ìyá yòókù rí i pé Ìyá Sálámátù ti yọ̀ǹda, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tiwọn náà padà. Àmọ́ kí n tó fi kóńsólù sórí fóònù èyíkéyìí, mo kọ́kọ́ lọ kí ẹni tó ni ín nílé.

Sálámátù ṣe ìdánwò àṣewọlé, ó yege, Àlùhámúdùlíláhì. Màléte ló wà báyìí, ó máa ń wọ bọ́ọ̀sì wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, ìyá rẹ̀ sì máa ń di máàsà fún un kó mú un padà lọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó wá, ó ní òun fẹ́ fi nǹkan kan kún kóńsólù náà, ṣé mo gbà. Mo ní kí ni. Ó ní kí n jẹ́ kó ṣe é tán kí n tó wò ó. Ẹ ẹ̀ rí i, ó ti kọ́ ìgbéraga lára mi. Mo fún un láyè.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ọmọ tuntun kan wà lọ́dọ̀ wa, ó ń fi fóònù ìyá rẹ̀ kọ lúùpù àkọ́kọ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣí kóńsólù, kóńsólù ti bi í pé ìgbà wo ni yóò dá fóònù padà, ọmọ náà sì ti dá a lóhùn. Iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, kò rántí ilé mọ́. Ọ̀rọ̀ kan rọra jáde lójú fóònù náà, mo wò ó láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí Sálámátù fi kún kóńsólù nìyẹn:

"Àsìkò ti tó. Dá fóònù padà fún Ìyá, mo ti tọ́jú iṣẹ́ rẹ. Bá mi kí wọn."

Ọmọ náà kà á tán, ó dìde, ó ká fóònù mọ́ etí ìborùn rẹ̀, ó sì lọ bá mi kí ìyá rẹ̀.